ÌMỌ́LẸ̀ NI WỌ́N PÈ, OORU LÓ WỌLÉ: WÀHÁLÀ ṢỌ́Ọ̀BÙ KỌ̀ǸTÉNÀ LÁTI ÌKÌRUN DÉ ÒKUKÙ

Ooru mú o! Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, tó jẹ́ pé Ọ̀fà lẹ ń lọ, ẹ má ṣe sùn nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wọ Ìkìrun, ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ ó rí kọ̀nténà tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí búkà onípáànù, ẹ ó rí kíóòsì tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ jó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó máa bá wọn lọ ní Ìnísà, bẹ́ẹ̀ náà ni títí dé Òkukù. Ohun tó máa ń yani lẹ́nu ni pé nígbà tí aago bá ti lu méjì ọ̀sán, ẹ lè wo inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kí ẹ má rí ẹnì kankan. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò tó wà lódìkejì ni oníṣọ́ọ̀bù wà, tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ aránṣọ, á ti gbé maṣíìnì rẹ̀ jáde, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á yí i ká, aṣọ oníbàárà á sì máa wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku.

Ẹ gbọ́ ná! Èèyàn sanwó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan, ó wá lọ ń jókòó sí abẹ́ igi ọ̀fẹ́!

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó wọ inú kọ̀nténà náà, kó gbójú sókè. Á rí ibi tí wọ́n ti gé òrùlé irin náà ní onígun mẹ́rin, tí wọ́n fi páànù rọ́bà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá dí ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹyọ kan ni, nígbà mìíràn méjì tàbí mẹ́ta. Torí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe gé ihò yìí. Ihò yìí kan náà ló sì lé wọn síta.

OWÓ IHÒ NI WẸ́DÀ GBÀ

Kọ̀nténà kì í ṣe ilé, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, Malcom McLean, ló kó kọ̀nténà 58 sórí ọkọ̀ ojú omi Ideal-X ní Newark lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1956, tí ọkọ̀ náà sì kó wọn lọ sí Houston. Àṣà yẹn ló ran gbogbo ayé. Èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa gùn ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, ó fẹ̀ ní 8, ó sì ga ní 8 àtààbọ̀. Kò ní fèrèsé kankan. Kí ni táyà àti àpò ìrẹsì fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Nígbà tó bá ti sin ẹrù títí tó gbó, wọ́n á tà á ní Èkó, tírélà á gbé e gòkè bọ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù nìyẹn.

A kò ní purọ́ mọ́ ọn, kọ̀nténà dára lọ́nà tirẹ̀. Olè kì í tètè rí i fọ́, ikán kò lè jẹ ẹ́, ọjọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù bá sì fẹ́ kó kúrò níbẹ̀, ó lè gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti rìn díẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, òkùnkùn ni. Aránṣọ kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe kò lè rí ìdí ìṣó tó kéré bí ẹyin iná orí. Iná mànàmáná ńkọ́? Láti ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ IBEDC ti ń pín iná lágbègbè yìí, ṣùgbọ́n NEPA lẹnu èèyàn ṣì ń pè é, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe ń ṣe. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó yẹ kó gbà wọ́n, epo ló ń mu, láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí, kì í ṣe gbogbo aránṣọ ló lè máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gílóòbù kan.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ké sí wẹ́dà. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń wáyé kì í ju báyìí lọ:

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi la òkè yìí, kí n lè máa ríran ṣiṣẹ́."

"Ihò mélòó lẹ fẹ́, Màmá?"

"Ẹ jẹ́ ó pé méjì. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é ní pẹ̀lẹ́ fún mi o, ẹ mọ̀ pé ọjà ò tà."

Wọ́n á ná an, wọ́n á jọ gbà, irin á máa ta iná pàràpàrà, ó parí. Ìmọ́lẹ̀ á yọ, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á hó yèè. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì léèrè pé kí ni yóò tún bá ihò yìí wọlé. Owó ihò ni bọ̀ọ̀dá wẹ́dà gbà, kò gba owó ooru.

ÁYỌ́Ọ̀NÙ LÓKÈ ORÍ

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà ní nǹkan bíi díìgírì 8 sókè ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró sí agbede méjì orí wọn gẹ́lẹ́ lọ́sàn-án: nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ti oṣù Kẹsàn-án kì í fi bẹ́ẹ̀ nira, nítorí ìkùukùu òjò máa ń bò ó. Ti oṣù Kẹrin ni bàbá. Ẹni tó bá dúró níta lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òjìji rẹ̀ máa wà. Ògiri kò rí oòrùn gbà lákòókò yẹn, òrùlé ló ń gba gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n wá gé fún ìmọ́lẹ̀ gan-an ni oòrùn dojú kọ tààrà.

Báwo ni agbára rẹ̀ ṣe tó? Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lọ́sàn-án, oòrùn tó ń bọ́ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó máa ń tó nǹkan bíi 1,000 wáàtì. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ wo ìdí áyọ́ọ̀nù iná mànàmáná yín, ẹ ó rí i pé 1,000 wáàtì ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tó la ihò tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ sókè orí ara rẹ̀, bí ẹni pé ó gbé áyọ́ọ̀nù kan kọ́ sí àjà ni, tó tàn án láti aago mọ́kànlá, tí kò sì pa á títí di aago mẹ́ta. Páànù rọ́bà á dá díẹ̀ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ló máa wọlé. Ihò méjì, áyọ́ọ̀nù méjì.

Èyí tó tún burú sí i nìyí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé á bọ́ sórí aṣọ, sórí maṣíìnì, sórí ilẹ̀, á sì di ooru níbẹ̀. Nígbà tó bá ti di ooru tán, kì í rọrùn fún un mọ́ láti gba ojú páànù rọ́bà padà síta, nítorí ohun tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá kì í jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó wọlé bí àlejò, ó wá di onílé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè lọ sábẹ́ òrùlé, kò rí ọ̀nà àbájáde, á kó jọ síbẹ̀, á sì máa fẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi dé orí ẹni tó jókòó. Irin òrùlé fúnra rẹ̀ náà ò dákẹ́, òun náà ń ta ooru sílẹ̀ bí ààrò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á na kátínnì sábẹ́ ihò náà nínú ilé. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí oòrùn ti wọlé tán kó tó bá kátínnì pàdé. Bí aṣọ náà bá funfun tàbí tó ń dán, á dá díẹ̀ padà sókè. Bó bá jẹ́ aṣọ dúdú, àdògán ni wọ́n gbé kọ́ yẹn. Fáànù ńkọ́? Fáànù kì í dín ooru kù, ó kàn ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ni. Bí afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù bá ti gbóná ju ara èèyàn lọ, èéfín ìkòkò ni fáànù ń fẹ́ síni lójú. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé nígbà tí òjò bá ń jò ní etí ihò náà, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì ni wọ́n máa ń kùn sí gbogbo òkè. Òjò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ dúdú ló ń mu oòrùn jù lọ. Wọ́n fi ooru gba òjò.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ìyà yìí wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ní ilé kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò láti fi rìnrìn-àjò, tí bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná wà nínú rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ náà ní ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn wọn náà sì ń bá ibẹ̀ yọ sí wọn. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ki tìmùtìmù kan bọ inú ihò náà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi fádákà, kí ó lè dá oòrùn padà. Ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn, nítorí oorun ni wọ́n fẹ́ sùn. Aránṣọ Ìnísà kò wá sùn. Bó bá ki tìmùtìmù bọ ihò, ó ti padà sínú òkùnkùn tó tìtorí rẹ̀ fún wẹ́dà lówó.

ÒDE NI KÍ Ẹ TI PÀDÉ RẸ̀

Oòrùn tó ń bọ̀ wá sílé, òde ni kí ẹ ti dá a dúró. Ẹ má jẹ́ kó wọlé tán kí ẹ tó máa wá ọ̀nà àtilé e.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ ni òrùlé kejì. Káfíńtà á fi igi tó gbọ́ gbé àtíbàbà sórí kọ̀nténà, á fi páànù lásán bò ó, á sì fi àyè sílẹ̀ láàrin òun àti irin ìsàlẹ̀, kó tó ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán. Páànù tòkè ni yóò gba ìyà. Á gbóná, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń gba àárín kọjá á máa kó ooru náà lọ. Níbi tí páànù rọ́bà bá wà, kí wọ́n jẹ́ kí àyè náà ga sí i, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lè máa ráyè wọlé. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí tó fún maṣíìnì, ó sì tutù ju ti oòrùn tó bọ́ sílẹ̀ gbọnrangandan. Bí àtíbàbà náà bá yọ kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, á tún bo ògiri náà díẹ̀. Ẹ kàn rí i pé wọ́n dè é dáadáa. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní àsìkò yẹn gan-an kò mọ páànù ẹnikẹ́ni, páànù tó bá fò lójú títì lè bẹ́ èèyàn lọ́rùn.

Imọ̀ ọ̀pẹ náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì wọ́n. Àmọ́ ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà nítòsí, tàbí tí wẹ́dà jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, kó má dán an wò. Ìṣáná kan péré ló kù.

Ẹni tí kò lówó káfíńtà ńkọ́? Kó ra ọ̀dà funfun, kó fi kun gbogbo òkè irin náà láti òde. Àwọ̀ funfun ń dá ọ̀pọ̀ nínú oòrùn padà kó tó di ooru. Kó máa fọ̀ ọ́ nígbà mìíràn, nítorí eruku ọyẹ́ àti erùpẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ títì á sọ ọ́ di àwọ̀ mìíràn kí ọdún tó yí po.

Ti ojú páànù rọ́bà fúnra rẹ̀, ọgbọ́n kan wà tí àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ń lò. Wọ́n máa ń gbin tòmátò sínú ilé gíláàsì nítorí òtútù, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá dé, tí oòrùn bá fẹ́ pa tòmátò, wọ́n á po ẹfun, wọ́n á fi fín ojú gíláàsì náà láti òde. Ìmọ́lẹ̀ á ṣì máa wọlé, á kàn rọ̀, oró rẹ̀ á dín kù. Bí òjò bá ti ń rọ̀, á máa fọ ẹfun náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó bá tiwa mu? Ẹfun kò wọ́n lọ́jà. Oṣù Kẹta ni kí wọ́n kùn ún, nígbà tí òjò bá fi máa fọ̀ ọ́ tán, ìkùukùu ti ń bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ lẹ sì ń wá nígbà náà.

Ẹni tí kò tíì gé tirẹ̀ rárá ni orí bá ṣe jù. Kó má fọwọ́ kan òkè. Ara ògiri ni kó gé e sí, kó ga sókè nítòsí òrùlé, kó sì jẹ́ lọ́wọ́ àríwá, ìyẹn ọwọ́ tí èèyàn ń kọjú sí bó bá ń ti Ìkìrun lọ sí Ọ̀fà. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ọwọ́ yẹn wọlé àyàfi láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ, ìbòrí kékeré bí etí fìlà á sì mú un. Kó tún gé òmíràn sí ògiri òdìkejì, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè rọ́nà jáde. Kó fi irin dábùú rẹ̀ nítorí olè, kó fi nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn.

ÀKÓDÌ ÀWỌN BÀBÁ WA

Ìran Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ láti òkè kí kọ̀nténà tó dáyé. Kí ni àkódì bí kò ṣe ilé tó lajú sí ọ̀run? Agbo ilé yí àgbàlá ká, òrùlé dà sínú lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú ọ̀run wà láàrin. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí èèyàn ń jókòó. Kì í ṣe lábẹ́ ojú ọ̀run yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, lábẹ́ etí òrùlé tó rọ̀ wálẹ̀. Àgbàlá ni oòrùn ń bọ́ sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ooru rẹ̀ á sì gba ojú kan náà padà lọ. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó kọ lórí ààfin àwọn ọba Yorùbá ní 1966, àgbàlá bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ààfin kan ṣoṣo. Àtíbàbà, àyè afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́: gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún oníkọ̀nténà lónìí, ó ti wà níbẹ̀.

Páànù wá dé. Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Palmer, ló gba ìwé àṣẹ lórí irin alámì-ìgbì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, tó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ẹrù wúwo bíi páànù kò ṣòro gbé wá sílé mọ́. Àwọn àgbà kò ya òmùgọ̀ tí wọ́n gbà á. Koríko ń jó, koríko ń jò, lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń tún un bò, ejò àti eku sì ń gbé inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kí aránṣọ padà sídìí bẹẹrẹ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ju koríko nù, wọ́n ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà nù pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ni kò yẹ.

OÒGÙN ÀTI ỌMỌ

Bó bá jẹ́ ìnira ara nìkan ni, àwọn èèyàn wa ò bá fara dà á. Ṣùgbọ́n oògùn kì í fara dà á. Ẹni tó ń ta oògùn nínú kọ̀nténà, kó ka ẹ̀yìn páálí oògùn ibà tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀. Á rí i lára ọ̀pọ̀ wọn pé kò gbọ́dọ̀ wà níbi tó gbóná ju 30°C lọ. Oògùn tó ti yan nínú ṣọ́ọ̀bù láti oṣù Kejì, ojú rẹ̀ kì í yí padà, páálí rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè ti dín kù. Ìyá tó rà á fún ọmọ á lò ó pé, ibà á sì wà níbẹ̀. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é.

Àti àwọn ọmọ fúnra wọn. Ìyá onídìrí a máa tẹ́ ẹní sí kọ̀rọ̀ kọ̀nténà, ọmọ á sùn síbẹ̀, òun á máa dirun lẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà. Ìyá ò mọ bí inú ṣe gbóná tó. Ara ọmọ kékeré máa ń tètè gbóná ju ti àgbàlagbà lọ fíìfíì. Bí ẹ bá rí ọmọ, tàbí àgbàlagbà pàápàá, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan tàbí tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má rò pé ibà lásán ni. Ẹ gbé e bọ́ sábẹ́ igi, ẹ tú aṣọ lára rẹ̀, ẹ bu omi tútù sí i lára látòkè délẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnì kan sì ti máa wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má da omi sí i lẹ́nu.

Ta ló máa wá sanwó àtúnṣe? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń di ìjà. Ayálégbé á ní òun kò lè kọ́ òrùlé sórí kọ̀nténà ẹlòmíràn. Onílé á ní kì í ṣe òun ló ní kí wọ́n gé ihò. Àwọn méjèèjì jàre lọ́nà kan, ṣùgbọ́n onílé tó ń gba owó ọdún lórí àpótí irin tí kò ní fèrèsé ló jẹ̀bi jù. Ohun tó bójú mu ni pé kí ayálégbé kọ́ àtíbàbà náà, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú owó ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí kí káfíńtà tó gbé igi wá.

Kí ìyẹn tó yanjú, ẹfun wà lọ́jà. Àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n gùn ún lọ fi kùn ún, nítorí bí aago bá fi lu mọ́kànlá, irin náà á ti máa jó àtẹ́lẹsẹ̀. Orí irin tó le ni kí ẹni tó gùn ún dúró sí, kó na ọwọ́ débi tó kù. Kó má fẹsẹ̀ tẹ páànù rọ́bà o, páànù rọ́bà kì í gba èèyàn dúró.